Àwọn Ọwọ́ Tí Onímú Ti Kọjá

Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀gbọ́n ti borí mi. Mo ní n kò ní ṣe é, mo sì ti ń ṣe é. Láàárọ̀ yìí ni ọkọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé já páálí ìwé gbàǹjo sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, páálí lórí páálí, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń wọlé. Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé ta ni yóò wo gbogbo èyí tán. Ó kọjú sí ibi tó rò pé mo dúró sí, ó ní, "Ẹni tí ojú ẹ̀ ríran ni."

Ojú tirẹ̀ ń lọ. Dókítà ojú sọ fún wa lóṣù tó kọjá pé kí òjò ọdún yìí tó dáwọ́ dúró, bóyá ni Ẹ̀gbọ́n á lè rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè bóyá òjò ti dá níta, a sì wá sílé. Kò tíì sunkún níṣojú mi. Èmi ni mò ń bá a sun ún nílé ìdáná.

Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi kó owó àtijọ́ àwọn ará Róòmù jọ, láti ìgbà tó ti wà nílé ìfìwéránṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ fi wọ́n ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa lọ́rẹ, kí wọ́n kọ orúkọ Bàbá wa sára ògiri lókè wọn, nítorí Bàbá ló fún un ní àkọ́kọ́. Ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ náà. Ohun tó ń lé wa nìyẹn.

Ọjọ́ kẹjọ

Oníbọ̀wọ́ wá kí wa. Òun ni olórí ẹ̀ka owó àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Oníbọ̀wọ́, nítorí ìbọ̀wọ́ funfun kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ó jókòó, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé kó lè yé èmi aránṣọ náà: ìgbìmọ̀ àwọn kì í gba owó kankan bí a kò bá lè fi ibi tó ti ń bọ̀ hàn. Ta ló ni ín rí? Ta ló tà á, fún ta? Láyé ọjọ́un, àwọn tó ń ta irú owó yìí ní gbàǹjo máa ń tẹ àwòrán wọn sínú ìwé. Bí a bá bá àwòrán owó wa pàdé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó di pé a mọ ẹni tó ti ni ín rí.

"Ọwọ́ ni wọ́n fi lù wọ́n, Mà," ó ní. "Kò sí méjì tó jọra. Etí wọn, bèbè wọn yíká, ni kẹ́ ẹ máa wò. Ibi tó sán, ibi tó fọ́."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní bí ẹyọ kan bá jẹ́ ohun tí wọ́n jí gbé, àyà ìgbìmọ̀ máa ń já nítorí gbogbo ìyókù. Ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan rí, wọ́n dá gbogbo ẹrù rẹ̀ padà fún un nínú páálí. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń jókòó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀gbọ́n ní kò séwu, kò sí ohun jíjí nínú ilé yìí.

Mo bu tíì fún àlejò wa. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó tó mu ún. Ọwọ́ èèyàn lásán ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ̀gbọ́n àti èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nídìí tábìlì, fìtílà sàn-án níwájú mi. Ó máa ń mú owó kan nínú tírè onígi, àtàǹpàkò á wà lẹ́yìn rẹ̀, ìka ìlábẹ̀ á wà lójú rẹ̀, bí ẹni fẹ́ de bọ́tìnnì. Á máa fọwọ́ wò ó, á máa pè é: "Ọba onírùngbọ̀n. Etí rẹ̀ fọ́ díẹ̀ lápá òsì. Ó tẹ́ nísàlẹ̀." Èmi á máa wá a kiri nínú àwòrán.

N kò gbọ́dọ̀ wo owó náà fúnra rẹ̀ àfi bí mo bá ti rí àwòrán tó jọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní bí mo bá kọ́kọ́ wò ó, ojú mi á máa tàn mí, gbogbo àwòrán ni yóò máa jọ ọ́. Mo ní irọ́ ni. Mo yọjú wo ọ̀kan, kíá ni mo sì bá a pàdé nínú ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo àwọn ọba wọ̀nyí ló lọ́rùn gígùn, ewé lórí, ojú tó ń bínú. Mo tọrọ àforíjì.

Ó kan Onímú. Owó fàdákà ni. Ọba tó wà lára rẹ̀, imú rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ni Bàbá fún Ẹ̀gbọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé. Kì í gbé inú tírè, inú àpò ṣòkòtò Ẹ̀gbọ́n ló ń gbé, àwọn tí wọ́n jọ ń kó owó jọ sì máa ń bá a wí pé ó ń fi aṣọ nu ẹwà rẹ̀ dànù. Òun ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí wọ́n gbé síwájú pátápátá.

"Ó fọ́ lápá òsì, ní ìpàkọ́," ó pè é. "Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba orí imú rẹ̀ kọjá."

N kò rí i.

Ọjọ́ kejìlá

Òjò látàárọ̀. N kò rí ohunkóhun, ọrùn ń dùn mí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo rí ọ̀kan! Owó idẹ, wọ́n ti lu ihò sí i lókè, bóyá ẹnì kan ló fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn rí. Ó wà nínú ìwé gbàǹjo kan tó dàgbà ju Bàbá lọ. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi ní kí n má ṣe jí àwọn ọba dìde.

"Kà á fún mi. Ta ló ni ín?"

Oníṣègùn kan ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti jogún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń fi ihò náà yí lórí ìka, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé o rí i," ó ní, "gbogbo wa la tò sórí ìlà. Obìnrin yẹn, oníṣègùn yẹn, èmi. Kò sẹ́ni tó ni ín tán pátápátá. Ẹni tó bá kàn ló máa tọ́jú ẹ̀."

Mo ní kó máa rántí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn tó bá fẹ́ ra tuntun. Ó ní ìyẹn yàtọ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Gílóòbù fìtílà ti jó. Iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan báyìí, méjì ni mo fi ń rà lọ́dún tó kọjá. Ẹyin náà ti gun òkè. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní ṣé mo ti rán aṣọ oníbàárà òun ṣá. N kò tíì rán an. Aṣọ náà wà lórí ẹ̀rọ, apá kan ló ní.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹrin

Ohun tí a rí kò tó nǹkan. A ti ka páálí tán lórí páálí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló bọ́ sí i. Èyí tó bá lu lókè, à ń rí i. Èyí tó bá tẹ́ nísàlẹ̀, à ń rí i. Ìyókù bí ẹni pé ilẹ̀ ló gbé wọn mì. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé bóyá àwọn òǹtajà tó tà wọ́n fún òun purọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bu tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife dípò inú rẹ̀. Mo rọra mú aṣọ ìnulẹ̀, mo nù ún. Ó ní, "Mo gbọ́ ẹ o." Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì bí mi nínú pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni, àbí kí n sunkún?

Òrùlé ń jò. Ibi tí mo máa ń jókòó sí gan-an ni omi yàn. Mo gbé bàsíà síbẹ̀, mo gbé àga lọ sí òdìkejì tábìlì, mo kọjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ó mú owó kan, ó bẹ̀rẹ̀: "Etí ẹ̀ fọ́ lápá òsì." Mo gbójú sókè láti nu awò ojú mi, mo bá rí ọba náà láàárín ìka Ẹ̀gbọ́n, tó ń wò mí. Ibi tó fọ́ lára rẹ̀, apá ọ̀tún ló wà.

"Ẹ̀gbọ́n, apá òsì ta ni?"

"Apá òsì mi."

"Ta ni ọba yẹn kọjú sí?"

"Ṣebí èmi ni."

"Èmi ló kọjú sí o. Ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ ń wò."

Ó yí owó náà padà, ó tún yí i padà. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, ojú owó ni ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ń kà, ẹ̀yìn owó ló sì kọjú sí i. Gbogbo òsì tó ń pè, ọ̀tún ni nínú àwòrán. Gbogbo ọ̀tún, òsì ni. Abájọ tó fi jẹ́ pé àwọn tí àléébù wọn wà lókè tàbí nísàlẹ̀ nìkan la ń rí! Oṣù kan gbáko ni àgbàlagbà méjì fi jókòó tira wọn tí wọ́n ń wá owó gba ẹ̀yìn rẹ̀.

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé Ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí ẹ̀rín tán la wá rántí àwọn páálí.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀?" mo bi í.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Àbúrò."

Ọjọ́ kọkànlélógún

Ó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Méjì láàárọ̀ yìí, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. A ti rí obìnrin opó kan tó ta gbogbo tirẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A ti rí oníléèwé kan tó kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán. A rí ọkùnrin kan tó ra owó kan, tó tà á, tó tún rà á padà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ irú ìyà tó ń jẹ ẹni yẹn.

Oníbọ̀wọ́ yà wá wò, ó ka ohun tí a ti kọ sílẹ̀, ó ní bí a bá ń bá a lọ báyìí, ìgbìmọ̀ kò ní rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó fi bí orúkọ tó wà lára ògiri wọn ṣe máa ń tóbi tó han òun. Oníbọ̀wọ́ ya ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó fọwọ́ kan tòsì, ó ní ó tó.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú mi dùn.

Oṣù Keje, ọjọ́ kẹta

Mo rí Onímú.

Ìsàlẹ̀ páálí kan ló wà, nínú ìwé kan tí ewé rẹ̀ nípọn bíi ti ìwé àwòrán ọmọdé. Etí tó fọ́ ní ìpàkọ́. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba orí imú. Òun ni, kò sí àní-àní. Mo ti lanu láti pariwo kí n tó rí i pé kò sí iye owó kankan nínú ìwé náà, kò sí orúkọ òǹtajà. Kì í ṣe ìwé gbàǹjo. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú mìíràn ló tẹ̀ ẹ́ nípa ohun tó wà nínú àpótí tirẹ̀, ohun tí wọn kì í tà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n ń pe ti tírè nígbà náà, kò tíì mú Onímú jáde. Mo yí ewé náà. Mo ní, "Kò sí, ẹ pe òmíràn."

Ọjọ́ kẹrin

N kò sọ fún un.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ sọ́dọ̀ Oníbọ̀wọ́, mo ní ojúmìító lásán ni, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ni ìwé yẹn? Ó ní omi ya wọ ibẹ̀ lọ́dún kan, kí wọ́n tó bí òun. Wọ́n kó àwọn àpótí síta kí omi má bàa gbé wọn lọ, àwọn owó kan kò sì padà wọlé. Wọ́n ṣì ń wá wọn. Kò bi mí léèrè ìdí tí mo fi béèrè, ṣùgbọ́n ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé. Bí mo bá sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n á pàdánù Onímú, ìgbìmọ̀ á bẹ̀rù ìyókù, orúkọ Bàbá kò ní dé ara ògiri lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n kò ní lè rí i mọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, mo kàn máa sọ pé a kò rí Onímú nínú ìwé kankan. Á gbé e padà sínú àpò rẹ̀. Àwọn ìyókù á wọlé, orúkọ á gun ògiri, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo gbé e lé ìwọ̀n títí mo fi kọjá ilé wa, mo ní láti padà sẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹjọ

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n ní kí n gbé ìwé yẹn wá.

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ewé ẹ̀ nípọn, tó máa ń dún. O dé ibì kan nínú ẹ̀, o ò mí mọ́. O wá yí ewé yẹn bí ìgbà tó fẹ́ gé ẹ níka. Látìgbà yẹn lo ti ń bu ẹran kún ti mi." Ó tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì. "Gbé e wá, Àbúrò."

Mo gbé e wá. Ó yọ Onímú nínú àpò, ó kọ ojú rẹ̀ sí ara rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ní kí n máa pe ohun tí mo rí nínú àwòrán. Èmi ni mo wá ń pè, òun ló ń wá a. Mo pe ìpàkọ́. Ìka rẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo pe ilà orí imú. Ìka rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó dúró.

"Wọ́n kọ iye tí wọ́n ń tà á?"

"Rárá."

"Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ni ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n." Mo sọ ọ̀rọ̀ omi tó ya wọlé fún un. Mo ní nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́. Mo ní mo fẹ́ kó rí orúkọ Bàbá.

Kò jágbe mọ́ mi, ì bá sàn kó jágbe.

"Mo ní kó o jẹ́ ojú fún mi," ó ní. "O wá ń bá mi yan ohun tí mo máa rí."

Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kí mi ní "ẹ" bí àlejò. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ kọkànlá

Mo parí aṣọ oníbàárà ọmọ mi. Mo tú apá òsì, mo tún un rán, kò sí ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó jókòó sórí àpótí tí Bàbá máa ń jókòó sí.

"Wọn á ní Bàbá jalè," ó ní.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kì í ṣe èmi nìkan. Mo ní, "Bàbá? Bàbá tó máa ń dá bọ́tìnnì tó bá ṣẹ́ kù padà fún oníbàárà?"

Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí, nítorí wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Bàbá lọ́jọ́ òjò, ìyá rẹ̀ kú, kò ní ẹ̀wù dúdú tí yóò fi sin ín. Bàbá fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, ó tú ẹ̀wù ara rẹ̀, ó tún un rán bá a mu, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà padà wá lẹ́yìn ìsìnkú, ó fi owó fàdákà kan lé orí ẹ̀rọ, ó ní kí ọmọ Bàbá máa fi ṣeré. Bàbá kò mọ̀ pé ohun ìṣeré lásán kọ́ ni.

"Bàbá ò mọ̀," Ẹ̀gbọ́n ní. "Àmọ́ èmi ti wá mọ̀ báyìí. Tí mo bá tún gbé e sápò, èmi lolè."

Ó ní kí n pe Oníbọ̀wọ́. Mo pè é. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n wà léjìká mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Oníbọ̀wọ́ wá, ó gbé Onímú sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà rí i bí a ṣe rí i. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì kó tó bọ Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó ní òun máa jà fún wa níwájú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kí a má gbọ́kàn lé e.

Ó ti kàn sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kejì. Obìnrin tó ń tọ́jú owó níbẹ̀ ní kí a mú un wá fúnra wa bí agbára wa bá gbé e, bí kò bá sì gbé e, òun á wá. Ẹ̀gbọ́n ní a máa lọ. Òjò ti ba ojú irin jẹ́, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe.

Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kejì

A kò dáwọ́ dúró. Onírùngbọ̀n kan wọlé lónìí. Mo ka orúkọ ẹni tó ni ín rí fún Ẹ̀gbọ́n, mo sì ka èyí tí kò dùn ún gbọ́ náà: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó náà kò rẹwà. Ó ní òpònú ló kọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo bá rí ni mò ń kà báyìí.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Kò dá mi mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi sọ̀rọ̀. Lẹ́tà ńlá nìkan ló ṣì ń rí, bó bá dúdú, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì pọ̀. Ó ń ka àkọlé ìwé ìròyìn fún mi láàárọ̀ bí ẹni ń ṣeré, imú rẹ̀ kan bébà. Àná, ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó fo méjì.

Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìgbìmọ̀ ti jókòó. Wọn kò kọ̀ ọ́, wọn kò sì gbà á. Wọ́n ní nítorí ẹyọ kan yẹn, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, kó di ọdún tó ń bọ̀. Oníbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́, kò lè jókòó. Ẹ̀gbọ́n ní kó má dà á láàmú, ó ní ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà.

Nígbà tó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n sunkún. Mo jókòó tì í. N kò lọ sílé ìdáná.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti tún ojú irin ṣe. Owó ọkọ̀ ti lé sí i nítorí rẹ̀, wọ́n ní àwa la máa san owó àtúnṣe. Mo lọ aṣọ Ẹ̀gbọ́n. Onímú ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò náà, n kò yọ ọ́, mo lọ ọ́ yí i ká.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń kọ èyí, à ń padà bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n ń sùn, orí rẹ̀ wà léjìká mi, ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò sì dára.

Obìnrin olùtọ́jú náà kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ tutù. Ó mú wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá kan tó tutù, ó fa dúróò kan jáde, ó tan iná lé e lórí. Gbogbo ihò tó wà nínú rẹ̀ ló ní owó nínú, àfi ẹyọ kan. Ó ní láti ìgbà tí omi ti wọlé, kò sẹ́ni tó fi nǹkan mìíràn síbẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ wá a, Bàbá," ó ní.

Ìka Ẹ̀gbọ́n ń lọ lórí àwọn ọba náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ sínú òfo. Ó yọ Onímú nínú àpò. Ó dì í mú.

"Ẹ má kánjú rárá, Bàbá."

"Èmi ò kánjú," Ẹ̀gbọ́n ní. "Òun gan-an ni ò fẹ́ lọ."

Ó fi í sílẹ̀. Ó wọ inú ihò náà géérégé, kò ṣẹ́ kù, kò lé. Ẹ̀gbọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó tì í bọ inú àpò, ó tún yọ ọ́ jáde nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Obìnrin náà mú káàdì àti kálàmù. Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ọwọ́ tí owó náà ti kọjá sílẹ̀, kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn òun lè mọ̀. Ọwọ́ ta ló wà lẹ́yìn omi? Ẹ̀gbọ́n ní ọkùnrin kan ni, a kò mọ orúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kú. Obìnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n nà dúró ṣánṣán, ó pe orúkọ Bàbá ní pípé, ó ní, "Aránṣọ ni. Ẹ fi iṣẹ́ ẹ̀ sí i. Ẹ kọ ọ́ ńlá."

"Káàdì wa kéré, Bàbá."

"Ẹ wá èyí tó tóbi."

Obìnrin náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó jáde, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì padà wọlé pẹ̀lú páálí funfun tí wọ́n máa ń fi tẹ́ ìdí dúróò, àti kálàmù dúdú kan tó nípọn tó ìka. Ó tẹ́ páálí náà sábẹ́ iná, ó kọ ọ́ láti etí kan dé etí kejì. Ó ní abẹ́ àwọn owó náà gan-an ni òun máa tẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ ni yóò máa wà.

"Lẹ́yìn wọn ńkọ́?" ó béèrè.

"Èmi ni. Ẹ kọ tèmi kékeré."

Kíkà ti mọ́ mi lára, mo ti lanu láti ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má kà á fún mi."

Ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi kan páálí náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, ó ń sún lọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ń bá a gbé fìtílà tẹ̀ lé e. Ó dé òpin, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kà á sókè nínú yàrá tútù yẹn, orúkọ Bàbá wa àti iṣẹ́ rẹ̀, kò sì fo lẹ́tà kan.